Oògùn Ọjọ́ Mẹ́sàn-án

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo ṣírò pé a máa lò, oògùn ọjọ́ mẹ́sàn-án náà ni mo kó sínú báàgì Bàámi. Tí ẹ ò bá ní ka ju ìpínrọ̀ yìí lọ nínú ohun tí mo kọ, ẹ ṣáà mú un lọ: ẹni tó bá ń lọ sí Cape Verde kó má fi iye ọjọ́ tó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì ṣírò oògùn rẹ̀. Òkun àti afẹ́fẹ́ ló ń pinnu ọjọ́ tí èèyàn máa kúrò lórí erékùṣù kan bọ́ sí òmíràn níbẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì kàn ń dábàá ni.

Tíṣà jọ́gíráfì ni Bàámi. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní Iléṣà àti agbègbè rẹ̀. Lọ́dọọdún, tí wọ́n bá ti dé orí ẹ̀kọ́ nípa òkè tó ń tú iná, wọ́n á ya á sójú pátákó: ṣọ́ọ̀kì funfun fún òkè, ṣọ́ọ̀kì pupa fún iná. Èmi náà jókòó ní kíláàsì yẹn. Mo rántí pé tí wọ́n bá yà á tán, wọ́n á dá ṣọ́ọ̀kì pupa yẹn padà sápò, torí ẹyọ kan ṣoṣo ló wà. Wọn ò fojú kan irú òkè bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tí wọ́n pé ẹni àádọ́rin ọdún, mo bi wọ́n pé kí ni kí n ṣe fún wọn. Mo rò pé wọ́n á ní ká pa màlúù, ká pe olórin. Wọ́n ní, “Àjọkẹ́, mú mi lọ wo òkè tó ń tú iná.”

Èyí tó sún mọ́ wa jù ni Òkè Cameroon, àmọ́ wàhálà tó wà ní agbègbè yẹn ò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀. Ti Italy àti Iceland, ọ̀rọ̀ físà ni. Ẹni tó bá ti tò fún físà òyìnbó rí mọ̀ pé kì í ṣe ohun tí èèyàn ń mú bàbá ẹni àádọ́rin ọdún lọ tò fún. Bí mo ṣe dé orí Cape Verde nìyẹn. Ọmọ ẹgbẹ́ ECOWAS ni wọ́n, bíi tiwa. Pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà tí gbogbo ayé ń fi imú fín yẹn tó láti wọ ibẹ̀ fún 90 ọjọ́, láìsí físà. Ọ̀kan nínú àwọn erékùṣù wọn sì ń jẹ́ Fogo. “Iná” ni Fogo túmọ̀ sí lédè Potogí. Òkè tó dúró lórí rẹ̀, Pico do Fogo, ga tó 2,829 mítà, kò sì tíì kú: iná jáde níbẹ̀ ní 1995, ó tún jáde ní 2014.

Kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ mọ̀ pé Cape Verde kì í ṣe ibì kan ṣoṣo. Erékùṣù mẹ́wàá ni, èèyàn ń gbé orí mẹ́sàn-án nínú wọn, gbogbo wọn sì wà láàárín òkun Atlantic, ó lé ní 500 kìlómítà sí etí òkun Senegal. Sal àti Boa Vista, iyanrìn àti omi ni, ilẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, ibẹ̀ ni àwọn òyìnbó ń lọ yá oòrùn. São Vicente ni ti orin. Ìlú Mindelo níbẹ̀ ni Cesária Évora ti wá. Tí ẹ bá fẹ́ràn láti máa fẹsẹ̀ rìn láàárín òkè àti àfonífojì, ẹ wọ ọkọ̀ ojú omi láti Mindelo, bíi wákàtí kan lẹ máa dé Santo Antão. Santiago ló tóbi jù, ibẹ̀ ni Praia, olú ìlú wọn, wà. Ẹni tó bá lo ọ̀sẹ̀ kan ní Sal tó wá sọ fún yín pé òun ti rí Cape Verde, ẹ bá a rẹ́rìn-ín, kẹ́ ẹ máa bá tiyín lọ.

Nínú ètò tí mo kọ́kọ́ ṣe, erékùṣù márùn-ún ni mo kó sínú ọjọ́ mẹ́sàn-án. Mo tẹ̀ ẹ́ jáde lórí ìwé, ó rẹwà, mo tiẹ̀ kùn ún ní oríṣiríṣi àwọ̀. Bàámi wọ gíláàsì ojú wọn, wọ́n mú báírò, wọ́n fagi lé mẹ́ta. “Ṣé eré ìje la fẹ́ lọ sá ni?” Ó dùn mí nígbà yẹn. Ó ku Santiago àti Fogo. Méjì yẹn náà tó fún ẹni tó ní ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ká ní márùn-ún yẹn la lọ ni, bóyá ọ̀kan nínú wọn la ì bá ṣì wà di báyìí.

Ẹ jẹ́ n tètè sọ ti ìwé. Pásípọ́ọ̀tù, yẹ́lò káàdì tòótọ́ tí wọ́n gún yín lábẹ́rẹ́ kí wọ́n tó fún yín, tíkẹ́ẹ̀tì àpadàbọ̀, àdírẹ́sì ibi tẹ́ ẹ máa sùn, àti ẹ̀rí pé owó wà lọ́wọ́ yín. Ìkànnì kan wà tó ń jẹ́ EASE, ìjọba wọn ló ni ín. Ibẹ̀ ni àlejò ti ń forúkọ sílẹ̀ kó tó gbéra, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń san owó ààbò pápákọ̀ òfuurufú. Ẹ ṣe é nílé, ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, ẹ má fi sínú fóònù nìkan. Òfin ECOWAS ní a lè wọlé, kò ní kí wọ́n má bi wá léèrè. Nígbà tí wọ́n bi Bàámi ní ohun tí wọ́n wá ṣe, Bàámi ṣí ìwé àkọsílẹ̀ wọn, wọ́n ya òkè kan fún ọkùnrin tó wà nídìí tábìlì, wọ́n fi iná sí i lórí. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó lu òǹtẹ̀.

Ẹ tún máa gbọ́ ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀: mandjaku. Orúkọ ẹ̀yà kan ní Guinea-Bissau ni, ṣùgbọ́n ní Cape Verde, wọ́n máa ń fi pe ẹnikẹ́ni tó bá ti orí ilẹ̀ Áfíríkà lápá ọ̀dọ̀ tiwa wá, ó sì sábà máa ń ní ẹ̀gún nínú. Ọmọkùnrin kan pe Bàámi bẹ́ẹ̀ nínú ọkọ̀. Bàámi ò gbọ́ èdè, wọ́n rò pé ó ń kí àwọn ni, ni wọ́n bá bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, wọ́n tún bi í léèrè bí ilé ṣe wà. Ọmọ náà ò mọ ibi tó máa gbójú sí. N ò sọ fún wọn. Tí wọ́n bá ka èyí, wọ́n ti mọ̀ báyìí.

Owó wọn ń jẹ́ escudo. Wọ́n so ó mọ́ yúrò, nítorí náà yúrò 1 jẹ́ escudo 110 àti díẹ̀, lónìí, lọ́la, kì í yí padà. Ẹ rò ó wò, ẹ̀yin ọmọ náírà! Yúrò ni kẹ́ ẹ kó lọ, ẹ má kó dọ́là. Ẹ má gbọ́kàn lé káàdì náírà rárá. Ẹ sì ná escudo yín tán kẹ́ ẹ tó kúrò, torí kò sẹ́ni tó máa bá yín ṣẹ́ ẹ l’Ékòó. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi ni bí wọ́n ṣe ń kọ iye ọjà. Àmì dọ́là ni wọ́n ń fi sí àárín, níbi tí àwa á ti fi àmì ìdánudúró kékeré sí. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tá a jókòó láti jẹun ní Praia, Bàámi ka ohun tó wà lára ògiri: 500$00. Wọ́n dìde. “Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta dọ́là? Fún àgbàdo?” Escudo 500 ni, kò pé yúrò 5.

Cachupa ni wọ́n ń pe àgbàdo náà. Àgbàdo sísè pẹ̀lú ẹ̀wà ni, wọ́n á fi ẹja tàbí ẹran sí i, ó sì máa ń pẹ́ lórí iná. Bàámi jẹ ṣíbí kan, wọ́n gbé orí sókè: “Ẹ̀gbo nìyí.” Láti ọjọ́ yẹn, wàhálà oúnjẹ ti tán. Láàárọ̀, wọ́n máa ń dín èyí tó kù lánàá, wọ́n á gbé ẹyin dídín lé e lórí. Ẹ béèrè fún un, ó dára ju búrẹ́dì òtẹ́ẹ̀lì lọ.

Ọkọ̀ èrò wọn ní Santiago ni Hiace, àwọn ìyá inú ọjà ń pè é ní “yasi”. Danfó ni, ẹ má jẹ́ kí orúkọ tàn yín. Kì í gbéra àfi tó bá kún, ó sì lè yí ìlú po lẹ́ẹ̀mẹta kó tó gbà pé òun kún. Ọjà Sucupira ní Praia ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń gbérò. Àwọn ará Senegal, Guinea àti Nàìjíríà wà láàárín àwọn tó ń tajà níbẹ̀. Bí èmi àti Bàámi ṣe ń bá ara wa jiyàn lórí iye fìlà kan, obìnrin kan tó ń ta aṣọ ní ìsọ̀ kejì dá wa lóhùn pẹ̀lú ohùn Ìjẹ̀bú. Ó kúnlẹ̀ kí Bàámi láàárín ọjà. Àwọn èèyàn ń wò wá. Ó bi wá ní ètò wa, mo sì rò ó fún un láìsinmi: Fogo lọ́jọ́ Ajé, ká padà sí Praia ní àárọ̀ Sátidé, ká wọ bàálù Dakar nírọ̀lẹ́ Sátidé kan náà, ká ti ibẹ̀ wálé.

Ó wo ojú sánmà. “Àbúrò mi, ẹ fi ọjọ́ kan kún un o. Ọyẹ́ ń bọ̀.”

Mo rẹ́rìn-ín. Ọyẹ́, láàárín òkun?

Kẹ́ ẹ tó kúrò ní Santiago, ẹ lọ sí Cidade Velha, kò ju nǹkan bí 15 kìlómítà sí Praia. Àwọn Potogí tẹ̀ ẹ́ dó ní 1462, òwò ẹrú ló sì sọ ọ́ di ìlú ńlá. UNESCO fi í kún ogún àgbáyé ní 2009. Òpó òkúta kan ṣì dúró láàárín ìlú tí wọ́n ti ń so ẹrú mọ́, tí wọ́n ń nà wọ́n. N ò ní kọ púpọ̀ nípa ẹ̀. Bàámi bọ́ fìlà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, wọ́n dúró níbẹ̀ títí awakọ̀ fi fọn fèrè lẹ́ẹ̀mejì.

Láti Praia sí São Filipe, ìlú tó tóbi jù ní Fogo, bàálù kékeré ni, kò ju bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ọkọ̀ ojú omi náà wà, wákàtí mélòó kan ni, òkun ibẹ̀ kì í sì í ṣe omi ọ̀sà. Ẹni tó bá máa ń bì nínú mọ́tò kó wọ bàálù. Ní São Filipe, ẹ kọ́kọ́ gba owó ní ATM, torí ibi tẹ́ ẹ̀ ń lọ, ẹ ò ní rí ọ̀kan. Lẹ́yìn náà, ẹ wá ọkọ̀ èrò Chã das Caldeiras. Ó máa ń kúrò ní nǹkan bí ọ̀sán. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ padà sísàlẹ̀, ti Chã máa ń gbéra ní kùtù hàì, kí oòrùn tó yọ. Tẹ́ ẹ bá pàdánù rẹ̀, ẹ máa háyà ọkọ̀ odidi, ẹ máa gbọ́ iye. Ẹ mú súwẹ́tà. Ẹ mú bàtà tó nípọn. Ẹ mú adapter fún ihò iná oníhò róbótó méjì. Ẹ kọ́ “tudu dretu”, èyí tó jẹ́ “ṣé dáadáa ni?”, tó sì tún jẹ́ “dáadáa ni”. Ìkíni tó ń dá ara rẹ̀ lóhùn ni, Bàámi lò ó dé góńgó.

Bó ṣe yẹ kẹ́ ẹ fojú inú wo Chã rèé. Òkè ńlá kan wà níbẹ̀ láyé àtijọ́ tó ju ti ìsinsìnyí lọ. Ó ya lulẹ̀, ó fi ihò kan sílẹ̀ bí agbada ìdínkàrà, tí fífẹ̀ rẹ̀ tó nǹkan bíi 9 kìlómítà. Ẹ̀gbẹ́ agbada náà dúró bí ògiri. Pico wá hù jáde láti inú agbada yẹn. Àwọn èèyàn sì ń gbé ìsàlẹ̀ agbada náà, láàárín ògiri àti Pico, wọ́n ń gbin àjàrà. Kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ òkè ni abúlé náà wà, inú rẹ̀ ni.

Nígbà tí ọkọ̀ wa wọ inú ibẹ̀, Bàámi dákẹ́. Gbogbo ilẹ̀ dúdú. Kò dúdú bí ilẹ̀ tí wọ́n dáná sun. Ó dúdú bí ọ̀dà tí wọ́n dà sílẹ̀ tó gbẹ tó sì fọ́ sí wẹ́wẹ́. Lava nìyẹn, òkúta tó yọ́ tó sì tún dì. Ní ibì kan, òrùlé ilé kan yọ láàárín rẹ̀. Òrùlé nìkan. Ó dà bí ẹni tí omi mu dé ọrùn.

Orí lava yẹn ni wọ́n kọ́ ilé tá a dé sí lé. Ìyá onílé ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ń túmọ̀. Ó ní ní ọjọ́ 23 oṣù Kọkànlá ọdún 2014, láàárọ̀, ilẹ̀ mì, ó sì ya. Oṣù Kejì ọdún 2015 ni iná náà tó dáwọ́ dúró. Ó bo Portela, ó bo Bangaeira. Díẹ̀díẹ̀ ló ń rìn, kò pa ẹnikẹ́ni. Ọkọ rẹ̀ rí àyè yọ ilẹ̀kùn àti fèrèsé ilé wọn kó tó débẹ̀. Ilẹ̀kùn yẹn la ń gbà wọlé tá a ń gbà jáde ní ilé tuntun.

Bàámi ní kí n bá àwọn bi í ní ìbéèrè kan. Mo rò pé wọ́n á béèrè bó ṣe gbóná tó, tàbí bó ṣe yára tó. Wọ́n ní, “Báwo ló ṣe máa ń dún?”

Ìyá náà rò ó díẹ̀. Ó ní bí ìgbà tí ẹnì kan ń da àwo sílẹ̀ nínú ilé ìdáná, tí àwo ń fọ́, lọ́sàn-án, lóru, tí ẹni náà ò sì dáwọ́ dúró.

“Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n,” Bàámi ní, “mi ò sọ ìyẹn fáwọn ọmọ.” Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé.

Èmi náà béèrè tèmi, tó jẹ́ ìbéèrè tí gbogbo àlejò ń béèrè, mo mọ̀: kí ló dé tẹ́ ẹ padà síbí? Kò tiẹ̀ dáhùn. Ó fa ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn rẹ̀ gún, ó jáde, ó mú ọtí wáìnì wọlé, ó bu fún mi. Inú eérú òkè ni àjàrà náà ti ń hù, wọ́n á gbẹ́ ihò kọ̀ọ̀kan fún igi kọ̀ọ̀kan. Ọtí náà le o. Bàámi ò lè mu ún nítorí oògùn wọn. Alaalẹ́ ni mo ń ka oògùn yẹn sí wọn lọ́wọ́, tí mò ń yangàn nínú ara mi pé mi ò fi ẹyọ kan ṣòfò.

Tí ẹ bá fẹ́ gun Pico fúnra rẹ̀, ẹ mú afinimọ̀nà ará abúlé, ẹ má dá a gùn. Ẹ gbéra kí ilẹ̀ tó mọ́, torí tí oòrùn bá bá yín lórí eérú dúdú yẹn, ẹ máa jẹ̀bi. Wákàtí mẹ́rin ni mo fi gùn ún. Bẹ́ ẹ bá gbé ẹsẹ̀ méjì síwájú, ọ̀kan á yọ̀ padà. Lókè, ihò ńlá kan ni, ó ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́. Sísọ̀kalẹ̀ ló dùn: inú eérú jíjìn lẹ máa sáré gbà, ó máa ń gba ẹsẹ̀ mọ́ra dé orúnkún, ẹ máa rò pé ọmọ ọdún mẹ́wàá lẹ jẹ́. Bàtà mi ò wúlò mọ́ lẹ́yìn ìyẹn.

Orúnkún Bàámi ò gbà wọ́n láyè, kí n má purọ́. Àwọn ló lé mi lọ. Wọ́n ní kí n lọ wò ó wá, kí n wá ròyìn. Mo ròyìn, wọ́n ń yà á, wọ́n sì ń já mi nírọ́: “Ihò yẹn ò lè rí bẹ́ẹ̀. Lọ rò ó dáadáa.” Ṣùgbọ́n Pico kékeré kan wà lẹ́bàá ńlá náà, níbi tí iná ti 2014 ti jáde. Ìyẹn ò ga. A fi ọ̀pá rìn ín, a ń jókòó, a ń dìde, ó gbà wá ní gbogbo àárọ̀. Ibì kan wà níbẹ̀ tí òkúta ti lanu díẹ̀. Afinimọ̀nà ní kí Bàámi gbé ọwọ́ sí i. Ooru ń jáde níbẹ̀, lẹ́yìn ọdún mẹ́sàn-án. Bàámi gbé ọwọ́ síbẹ̀, wọn ò gbé e kúrò. Nígbà tó yá ni wọ́n sọ pé, “Ó gbóná, Àjọkẹ́.” Bí ẹni pé mi ò mọ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì la sọ̀ kalẹ̀ sí São Filipe. Láti ibẹ̀, èèyàn máa ń rí erékùṣù Brava láàárín omi, ó hàn kedere lọ́jọ́ tá a kọ́kọ́ dé. Àárọ̀ Sátidé, mo jí, kò sí Brava. Kò sí òkun pàápàá. Gbogbo rẹ̀ funfun, ó dà bí ẹni da ìyẹ̀fun sójú ọ̀run, ètè mi sì ti là. Bàámi jáde sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n fa èémí símú. “Ọyẹ́ ilé wa nìyí.” Òótọ́ ni. Eruku aṣálẹ̀ Sàhárà kan náà tó ń wá bá wa ní Iléṣà ń kọjá sórí òkun lọ bá àwọn náà. Bruma seca ni wọ́n ń pè é. Bàálù ò lè balẹ̀ nínú rẹ̀. Láàárín oṣù Kejìlá sí oṣù Kẹta ló máa ń wáyé jù, oṣù Kejì la sì lọ. Ẹni tó gbà wá sílé ní ká má wulẹ̀ máa lọ béèrè ní pápákọ̀ òfuurufú: ọjọ́ tá a bá ti rí Brava, bàálù á wá.

A ò rí Brava ní Sátidé. A ò rí i lọ́jọ́ Àìkú. Bàálù Dakar ti lọ láìsí àwa nínú rẹ̀. Torí pé tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀tọ̀ ni, kò sẹ́ni tó jẹ wá ní kọ́bọ̀; owó yẹn ti wọgbó nìyẹn. Ẹ ṣàkíyèsí èyí: erékùṣù tí bàálù ilé yín máa ti gbéra ni kẹ́ ẹ sùn sí ní alẹ́ méjì tó kẹ́yìn. Alẹ́ méjì, ẹ má ṣe ẹyọ kan. Ká ní mo fetí sí obìnrin Ìjẹ̀bú yẹn, ọjọ́ Ọjọ́bọ̀ là bá ti padà sí Praia.

Owó tíkẹ́ẹ̀tì kọ́ ló ń dùn mí lálẹ́ Àìkú. Àárọ̀ Sátidé ni Bàámi lo oògùn tó kẹ́yìn. Lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n ní orí ń fọ́ àwọn díẹ̀, wọ́n ní oòrùn ni. Kò sí oòrùn. Àwọn ilé oògùn tí mo lọ kàn ti tì. Mo dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì kejì, mò ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń mí. Wọ́n mọ̀ pé mi ò sùn. “Tún ròyìn orí òkè yẹn fún mi,” wọ́n ní, “lọ́tẹ̀ yìí, má purọ́.” Mo tún un rò.

Ọjọ́ Ajé, ilé oògùn ṣí, ohun tí mo mọ̀ nípa oògùn náà ò ju pé ó funfun, ó róbótó, páálí rẹ̀ ní àwọ̀ búlúù. Mo ti ju páálí nù l’Ékòó kí báàgì má bàa wúwo. Mò ń fi ọwọ́ ṣàpèjúwe bí odi. Bàámi ṣí ẹ̀yìn ìwé àkọsílẹ̀ wọn, lẹ́yìn gbogbo òkè tí wọ́n yà. Ọwọ́ ìkọ̀wé tíṣà: orúkọ wọn, irú ẹ̀jẹ̀ wọn, nọ́ńbà fóònù mi, àti amlodipine, 10 mg, ẹyọ kan láràárọ̀. “Ah,” ẹni tó ń tajà ní, “amlodipina.” Èdè Potogí fi a rọ́pò e tó gbẹ̀yìn rẹ̀ ni. Ó ní ká kọ́kọ́ lọ rí dókítà, a lọ, wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru: 178 lókè, 104 nísàlẹ̀. Dókítà wo èmi, kò wo Bàámi. Ó kọ oògùn, ó ní kí wọ́n sinmi, kí wọ́n má gun ohunkóhun. Nítorí náà, orúkọ tí oògùn yín ń jẹ́ gan-an ni kẹ́ ẹ kọ síbì kan, kì í ṣe orúkọ tí ilé iṣẹ́ fún un. Ìyẹn ni wọ́n máa mọ̀ níbikíbi.

Àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Bàámi ló kọ́kọ́ jí. Wọ́n kan ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀ níbi tí mo wà. “Àjọkẹ́, mo rí Brava.”

Tí mo bá tún ń lọ, oṣù Karùn-ún ni. Ọyẹ́ ti lọ, òjò díẹ̀ tí wọ́n ń rí ò sì tíì dé. Bàámi ní àwọn náà ń lọ, àwọn sì máa gun ńlá yẹn. Mi ò fèsì. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ń lọ sí Ìbàdàn fún ìgbéyàwó, àárọ̀ lọ, ìrọ̀lẹ́ bọ̀. Mo bá wọn gbé báàgì sínú mọ́tò, mo gbọ́ tí nǹkan ń ró ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́ nínú rẹ̀. Oògùn oṣù kan ni.